"Ìlera Ọpọlọ" Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Wèrè: Ohun Tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ń Wá Dé Agboolé Wa ní Òṣogbo

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kan wọ agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn wọn. Àwọn obìnrin inú wọn kúnlẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní fásitì ló rán àwọn wá nítorí ètò ìlera ọpọlọ. Ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà gbé atẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè ìwé yín. Ṣùgbọ́n kò sí wèrè nínú ilé yìí. Bóyá kí ẹ yà sí agboolé kejì."

Àwọn ọmọ náà ti fẹ́ máa lọ kí n tó dá sí i. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé wá gan-an ni ìyá yẹn nílò, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń rú lójú. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí, pẹ̀lú èyí tí mo ti kọ́ kún un láti ìgbà náà wá.

Orúkọ kan, nǹkan púpọ̀

Ọpọlọ ni à ń pe ohun rírọ̀ tó wà nínú agbárí, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá se orí àgbò iléyá. Ọpọlọ kan náà la fi ń pe làákàyè: ọmọ tó mọ̀wé, a ní ó ní ọpọlọ, ẹni tó hùwà òmùgọ̀, a ní kò lo ọpọlọ. Bí a bá wá ní ọpọlọ ẹnì kan dàrú tàbí pé kò pé, a ti kúrò lórí ìwé, a ti bọ́ sórí wèrè. Nígbà tí rédíò àti ilé ìwòsàn mú "ìlera ọpọlọ" lò, etí wa kò gbọ́ ti àkọ́kọ́, kò gbọ́ ti ìkejì, ìkẹta nìkan ló gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan tí wọ́n kó sábẹ́ orúkọ yẹn kò jọra rárá. Rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ni kò dé apá kan nínú ọpọlọ mọ́, tàbí kó jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ síbẹ̀. Warapa wà níbẹ̀, tí a ń sá fún nítorí wọ́n ní itọ́ rẹ̀ ń ràn, tí kì í sì í ràn ẹnikẹ́ni. Arán àwọn àgbà wà níbẹ̀. Àìrísùn wà níbẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà níbẹ̀, orí fífọ́ ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà wà níbẹ̀. Wèrè náà wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Àìsàn ni òun náà, ẹni tó ń ṣe sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú bí ẹni tí ibà ń ṣe ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó pẹ́ kí òfin wa tó gbà bẹ́ẹ̀: àtìgbà òyìnbó amúnisìn ni òfin wèrè àtijọ́ ti wà, oṣù kìíní ọdún 2023 ni gbogbo ayé gbọ́ pé wọ́n ti buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ètò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn gbé wá, wèrè kọ́ ló ń wá kiri. Ohun tó wà fún ni bí ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò ṣe máa dá ṣáṣá lọ títí ọjọ́ ogbó, àti bí a ó ṣe tètè rí i bí nǹkan bá fẹ́ yí padà. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ì bá ti fún wọn ní àpótí jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kí ló kan ọpọlọ nínú apá tí ẹ ń dì?"

Ìbéèrè tí ìyá bi wọ́n nìyẹn nígbà tí wọ́n yọ ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru jáde. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Bí ọpọlọ bá wà lórí, kí ni wọ́n ń wá lápá?

Ọpọlọ àgbàlagbà kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 1.4 lọ. Bí a bá pín ara ènìyàn sí ọ̀nà 50, ọpọlọ kò ju ọ̀nà kan lọ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ara, bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń lò. Kò ní abà tó kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé ní ìṣẹ́jú yìí ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú yìí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọpọlọ lọ́hùn-ún sì tín-ín-rín bí òwú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi ipá gba inú wọn kọjá lọ́sàn-án lóru, ọdún dé ọdún, títí wọn á fi le gbagidi, tí àwọn mìíràn á dí, tí àwọn mìíràn á bẹ́. Èyí tó bẹ́ tàbí tó dí lójijì là ń pè ní rọpárọsẹ̀. Àwọn kéékèèké tó ń dí lọ́kọ̀ọ̀kan láìpariwo, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, àfi kí iyè àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ra díẹ̀díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di apá. Apá ni ojú fèrèsé tí wọ́n ń gbà wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan orí. Bí nọ́ńbà òkè bá dé 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ti di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í dun ni. Ẹni tó ní "orí kò fọ́ mi, ara mi le" lè máa gbé 180 kiri.

Àwọn oníṣègùn kan ṣe ìwádìí ńlá lórí rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba iwájú nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé àìjẹ ewébẹ̀ tútù déédéé wà lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ewúro, ṣọkọ yòkòtò, tí wọ́n ń tà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Ọjà Ọba, ti ọpọlọ ni wọ́n pẹ̀lú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n tó kọjá: bí ẹnu ẹnì kan bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe àdí, kì í ṣe pé ká dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ìtọ́jú kan wà tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n lè fún ènìyàn.

Arán, àti ìyá tó bí bàbá mi

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Aláró ni ìyá bàbá mi. Òṣogbo ìlú aró, wọ́n kò fi ẹnu lásán pè é bẹ́ẹ̀. Inú ìkòkò aró ni Ìyá Àgbà ti rí owó tó fi rán bàbá mi níwèé. Nígbà tí ó lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìbéèrè kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. A fi ṣe ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó sọnù láàárín Ọjà Ọba sí ilé wa, ọ̀nà tó ti ń rìn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó ń fi owó pamọ́ sínú ẹ̀wù, kò ní rántí, á ní ìyàwó ilé ló jí i. Lóru, ó ń bá ọmọ rẹ̀ kan tó ti kú ní kékeré sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó sunkún, ó ní, "Èmi ni mo pa á. Èmi ni mo jẹ́ kó kú."

Ibà ló pa ọmọ yẹn, lọ́jọ́ tí òun wà lọ́jà. Ẹ̀dùn ọkàn ìyá tí kò dárí ji ara rẹ̀ láti bí ogójì ọdún ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó wà nínú ilé gbọ́ ni pé ó ti ń jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní kó máa gbààwẹ̀, ẹni tí kò rántí bóyá òun ti jẹun. Nígbà tí bàbá mi fi gbé e padà wálé, ó ti rù kan egungun.

Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó sọ fún wa. Yorùbá mọ ohun tó ń ṣe é, a tilẹ̀ ní orúkọ fún un: arán. "Ó ń ṣarán." Ohun tí a kò mọ̀ ni pé àìsàn ọpọlọ ló ń fà á. A rò pé ogbó lásán ni. Nígbà tí ó bá sì le ju ogbó lọ, a rò pé ayé ni, tàbí pé àjẹ́ ni.

Ogbó máa ń mú ìgbàgbé wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbé méjì ló wà. Bí Ìyá bá gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tó wá a, tó rí i, tó ní "iyè mi mà ra o," ti ogbó nìyẹn. Bí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe mọ́, ti arán nìyẹn. Ẹni tó gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó pè é ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ti ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí láti ìgbà ọmọge, tí kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sínú ìkòkò mọ́, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Arán kì í dé lọ́jọ́ kan. Oṣù àti ọdún ló fi ń wọlé.

Bí ó bá wá dé lójijì ńkọ́? Bí Bàbá tí orí rẹ̀ pé lánàá bá jí lónìí tí kò mọ ibi tí òun wà? Èyí kì í sábà jẹ́ arán. Ó lè jẹ́ ibà, àkóràn nínú ìtọ̀, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù, tàbí oògùn tuntun tí wọ́n fún un. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló ṣe é wò. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà máa ń jọ arán, àìtó fítámì kan tí wọ́n ń pè ní B12 náà máa ń jọ ọ́. Bí a bá ti pè é ní ọ̀rọ̀ ayé ní kùtùkùtù, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èyí tó ṣe é wò.

Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé irú arán tó wọ́pọ̀ jù, lọ́dún 1906, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn tó ń gbé pẹ̀lú arán lágbàáyé jẹ́ mílíọ̀nù 57 lọ́dún 2021, àti pé ju ìdajì wọn lọ ń gbé ní irú àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ bíi tiwa. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka nǹkan 14 sílẹ̀ tó ń ṣínà fún un, wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò, nǹkan bí 45% arán inú ayé ni kì bá tí wáyé tàbí tí ì bá pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, sìgá àti ọtí àmujù wà níbẹ̀. Èyí tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni etí. Ẹni tí etí rẹ̀ ti di, tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé kíké ti sú wọn, ọpọlọ rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe. Ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ náà wà níbẹ̀, ìdánìkanwà náà wà níbẹ̀. Mo rántí Ìyá Àgbà nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn, tí àwọn ọmọdé ń sá fún.

Ìdìkan

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ arán, ẹ sọ fún un nípa Ìdìkan.

Àdúgbò kan ni Ìdìkan nínú ìlú Ìbàdàn. Lọ́dún 1992 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ojúlé dé ojúlé níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi sì wà lára àwọn tó bá a lọ. Ìṣòro tó kọ́kọ́ kò wọ́n lójú ni pé ìdánwò iyè tí òyìnbó ń lò, ti ẹni tó lọ sílé ìwé ni. Bí ẹ bá ní kí ìyá tí kò kàwé rí máa yọ 7 kúrò nínú 100 lọ sísàlẹ̀, tí kò bá lè ṣe é, ṣé arán nìyẹn? Wọ́n wá ṣe èyí tí kò bèèrè ìwé: wọ́n ń bi àgbà ní ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé àdúgbò náà mọ̀, wọ́n ń ní kó dárúkọ ẹranko tó bá lè rántí, wọ́n sì ń lọ bá ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe nísinsìnyí?" Ẹnu méjì ni wọ́n fi ń mọ òótọ́.

Lọ́dún 2001 ni èsì jáde. Láàárín àwọn Yorùbá tó ti pé ọmọ ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàdàn, 1.35% ni arán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún. Láàárín àwọn dúdú Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis, 3.24% ni. Àwọn tí a jọ ti ilẹ̀ Áfíríkà ṣẹ̀ wá ni, tiwọn sì fi ju ìlọ́po méjì tiwa lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé arán kì í ṣe Yorùbá. Ìyá Àgbà jẹ́rìí. Ó túmọ̀ sí pé bí a ṣe ń gbé ayé, bí a ṣe ń jẹun, bí ẹ̀jẹ̀ wa ṣe ń rìn, ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìgbé ayé àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà náà àti ìgbé ayé wa lónìí kò sì rí bákan náà mọ́.

Kí wá ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ níbẹ̀?

Àwọn kan rò pé àwọn ọmọ yìí wá fi wá dánra wò ni. Àwọn mìíràn rò pé dókítà ni wọ́n, wọ́n á máa gbé oògùn àwọn ìyá wọn jáde kí wọ́n bá wọn pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ lo àkókò láàárín ìlú, kó mọ bí àìsàn ṣe rí kó tó dé orí ibùsùn ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun: láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ gbé ní Igbó-Ọrà nílẹ̀ Ìbàràpá. Kí ìyẹn tó wáyé pàápàá, lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà ní tòsí, torí ó mọ̀ pé àwùjọ pẹ̀lú ń wo ènìyàn sàn. Òṣogbo ní tirẹ̀ lónìí: ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera UNIOSUN, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà láàárín ìlú, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ fásitì náà sì wà pẹ̀lú wa. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, wọn kò rìn jìnnà kí wọ́n tó kan ojúlé wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ni èdè. Ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá tí àgbà fi ń sọ àìsàn, wọn kò gbọ́ ọ. Ìwé wọn sọ fún wọn pé ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn á ní inú òun bàjẹ́. Ìyá kan ní Òkè-Fíà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Á ní, "Orí mi ń gbóná. Ó ń ṣe mí bíi kí kòkòrò máa rìn nínú rẹ̀. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi." Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì jókòó ti irú ìyá bẹ́ẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibà ni. Èyí tó ti jókòó tì í á béèrè bó ṣe ń sùn, á béèrè ìgbà tí bàbá kú, á gbọ́ ohun tí kòkòrò yẹn jẹ́.

Orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1960, oníṣègùn ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn lágbárí wọn, tí ìwé tí wọ́n ń kà kò dúró mọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe jọ ohun tí ìyá Òkè-Fíà sọ! Ọmọ tó ń kàwé mọ́jú, tó ń mu oògùn tí kì í jẹ́ kó sùn, tó gun ọ̀kadà láìdé akoto, á wá sọ fún àgbà pé kí wọ́n tọ́jú ọpọlọ. Ohun tí mo gbádùn jù nínú irú ètò yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá. Lójú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ènìyàn kọ́ lójúmọmọ sípò. Ẹni tí kò sùn ń bu omi sínú agbọ̀n.

Ní Amẹ́ríkà, ní Yunifásítì Northwestern ní Chicago, láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń mú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan àti ẹnì kan tí arán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n jọ máa ṣe ọ̀rẹ́ fún ọdún kan. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n jọ ń jẹun ni, wọ́n jọ ń rìn jáde. Ní agboolé wa níbí, ọpọ́n ayò lè ṣe iṣẹ́ kan náà, oríkì lè ṣe é, àlọ́ lè ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn jókòó ti ìyá ẹlẹ́wà, ó ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé elú: bí wọ́n ṣe ń gún un, bí wọ́n ṣe ń sá a, omi eérú, iye ọjọ́ tí ìkòkò á fi wà ní bíbò, ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń ya ọnà. Ọmọbìnrin yẹn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò rò pé ó mọ̀ nígbà náà pé iyè ni òun ń gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí wọ́n lè ṣe, èyí tí wọn ò lè ṣe

Akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún yín pé arán ló ń ṣe ẹnikẹ́ni. Kò gbọdọ̀ yí oògùn padà, kò sì gbọdọ̀ gba owó. Ó lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè béèrè ìbéèrè, ó lè kọ ìwé pé kí ẹ lọ sí ilé ìlera alábọ́dé tàbí kí ẹ rí dókítà. Ẹ lè béèrè ìwé ìdánimọ̀ wọn àti orúkọ olùkọ́ tó rán wọn. Ọmọ tó wá pẹ̀lú òtítọ́ kò ní bínú. Ẹ lè kọ̀. Bí ẹ bá gbà lónìí, ẹ lè kọ̀ lọ́la. Ẹni tó bá gbé fóònù sókè láti ya àwòrán àgbà yín láìtọrọ àyè, ẹ ní kó pa á rẹ́. Ohun tí ẹ sọ fún wọn nínú yàrá kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ní tiwa, ẹ má fi nǹkan pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ sọ fún wọn bí Bàbá bá ti ń sọnù lọ́nà. Ẹ mú gbogbo oògùn jáde, títí kan àgbo. Bí etí Màmá kò bá gbọ́ mọ́, ẹ sọ ọ́ kó tó di pé wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, kí wọ́n má bàa pe adití ní ẹni tó ń ṣarán.

Ibì kan wà tí irú ètò yìí ti máa ń kùnà, inú mi kò sì dùn sí i. Bí àkókò ìkọ́ṣẹ́ bá ti pé, àwọn ọmọ á lọ. Àwọn mìíràn á dé lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí "ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ yín." Ìwé tí àwọn àkọ́kọ́ kọ, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà. Arán tó ń fi ọdún mẹ́ta wọlé, báwo ni ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe fẹ́ rí i? Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ni pé kí ìwé agboolé kọ̀ọ̀kan wà ní ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ ọn, kí àwọn tó ń lọ fi lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́, kí ẹnì kan láàárín àdúgbò sì mọ̀ nípa rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyálọ́jà tàbí baálé.

Ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹlẹ́wà lé ní 170 lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Kò gbà á gbọ́ títí wọ́n fi wọn apá kejì. Ọjọ́ Ajé ni mo bá a lọ sí ilé ìlera, oògùn kan ni wọ́n fún un, ó sì ń lò ó láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti mu ẹ̀kọ tán. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí. Bí mo bá ń kọjá, á dá mi dúró, á ní ọmọbìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ àdìrẹ sílẹ̀ dà, òun kò tíì dé orí bí wọ́n ṣe ń há ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ.